Àgbéyẹ̀wò NIST Chemistry WebBook fún ṣíṣe ìṣirò gáàsì tí a fà jáde nínú táńkì háídrójìn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye háídrójìn tó ti jáde nínú táńkì kì í sábà ní ju géèjì tí ń ka ìfúnpá, ohun tí ń wọn ìgbóná, àti iye lítà tí táńkì náà ń gbà, iṣẹ́ tó kù sì ni bí yóò ṣe sọ wọ́n di kílógíráàmù. Iṣẹ́ yìí ni mo fi dán NIST Chemistry WebBook wò, ojú-ìwé ọ̀fẹ́ tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òṣùwọ̀n gbé kalẹ̀, ó sì kúnjú ìwọ̀n.

Ká mú táńkì oní 100 lítà, ní 15°C, tí ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ láti 700 bar sí 350 bar. Bí a bá lo PV = nRT, ìlànà tó so ìfúnpá, àyè àti ìgbóná gáàsì pọ̀ tí wọ́n ń kọ́ni níléèwé, nǹkan bíi 2.95 kg ni yóò ní ó jáde. Ṣùgbọ́n bí ìfúnpá bá ga tó báyìí, àwọn mólékù háídrójìn a máa ti ara wọn, wọn kì í sì í ṣeé fún jọ tó bí ìlànà náà ṣe rò. Ojú-ìwé yìí fi hàn pé lítà kan gba nǹkan bíi 40.2 g ní 700 bar, àti 24.0 g ní 350 bar. Bí a bá yọ èyí kúrò nínú ìyẹn, tí a sì fi 100 lítà sọ ọ́ di púpọ̀, 1.62 kg péré ló jáde. Ẹni tó bá fi ìṣirò àkọ́kọ́ ta gáàsì ti gba owó ohun tí kò tà.

Èyí tó wúlò jù lójú tèmi ni yíyàn tí wọ́n pè ní Isochoric. Bí a bá ń yára fa gáàsì, èyí tó kù nínú táńkì a máa tutù, ọwọ́ géèjì a sì wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a bá ti fáàfù pa, tí táńkì sì ń gba ooru padà, ọwọ́ náà á tún máa gòkè, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fi gáàsì kún un. Yíyàn yìí jẹ́ ká rí bí ìfúnpá yóò ṣe máa yí padà pẹ̀lú ìgbóná nígbà tí gáàsì inú táńkì kò dín, tí kò sì pọ̀ sí i.

Ìrísí ojú-ìwé náà kò wuni, ṣùgbọ́n ta ló ń fi ẹwà wọn gáàsì? Àléébù gidi ni pé kò ní bá ọ ṣe àyọkúrò, àti pé ìfúnpá tó ń béèrè ti ka ti afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, nítorí náà a ní láti fi nǹkan bíi 1 bar kún ohun tí géèjì kà. Ní 700 bar, ìyẹn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí géèjì bá ka 3 bar, ẹni tó gbàgbé rẹ̀ ti fo ìdá kan nínú mẹ́rin gáàsì tó kù. Fún ẹni tó ní láti ṣe ìṣirò yìí ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, CoolProp, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú ìṣirò yìí, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, yóò rọrùn jù, nítorí ó ṣeé lò láti inú Python tàbí Excel.