Abuja kọ́ ni wọ́n bí Nàìjíríà sí: àgbéyẹ̀wò àwòrán ìràwọ̀ ìbí tí mo fi ₦25,000 rà

Díìgírì tí kò tó márùn-ún ló mú mi kọ èyí. Ilé-iṣẹ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ya àwòrán ìràwọ̀ ìbí fún orílẹ̀-èdè, ìyẹn àwòrán bí ojú ọ̀run ṣe rí ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bí i. Mo san owó, mo ní kí wọ́n ya ti Nàìjíríà, tí wọ́n bí ní òru òmìnira, 00:00 ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1960, PDF olójú-ewé 22 sì dé lọ́jọ́ kejì. Ó wuyì, àwọ̀ rẹ̀ kò ta kora, ìlà rẹ̀ mọ́. Oòrùn wà ní 7°46′ Libra, ọ̀kan nínú àmì ìràwọ̀ méjìlá, ó tọ̀nà. Òṣùpá wà ní 16° Aquarius, òun náà tọ̀nà. Mo wá bojú wo Ascendant, ìyẹn ojú ọ̀run tó ń yọ ní ìlà-oòrùn gan-an ní ìṣẹ́jú tí ọmọ délé ayé. Wọ́n kọ 5°37′ Cancer síbẹ̀. Mo nu awò ojú mi. 0°49′ ló yẹ kó jẹ́.

Ẹlòmíì á ní ṣebí Cancer náà ni méjèèjì. Àmọ́ iye yẹn ló máa sọ ibi tí gbogbo ilé méjìlá inú àwòrán, ìyẹn ìpín tí à ń ka ọ̀rọ̀ ayé sí, ti bẹ̀rẹ̀. Òun náà ló sì tú àṣírí ibi tí àṣìṣe ti wá. Tí àkókò bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, Oòrùn àti Òṣùpá kò mọ̀ bóyá Èkó lẹ wà tàbí Kánò, ibi kan náà lẹ máa bá wọn. Ascendant àti Midheaven (ibi tí ọ̀nà Oòrùn ga dé lójú ọ̀run ní ìṣẹ́jú yẹn) ló ń yẹ̀ bí ẹ bá ṣí ẹsẹ̀. Ayé ń yí díìgírì kan láàárín ìṣẹ́jú 4. Nítorí náà, tí Oòrùn àti Òṣùpá bá pé tí Ascendant wá yẹ̀, ìlú ni wọ́n ṣì. Mo lọ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé kejì níbi tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sí: 9°04′ àríwá, 7°29′ ìlà-oòrùn. Abuja!

Ní 1960 kẹ̀? Ìlú tó ń jẹ́ Abuja nígbà yẹn ni Suleja òde òní. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba tó kó kúrò l’Ékòó. Race Course l’Ékòó, tí a wá sọ di Tafawa Balewa Square, ni wọ́n ti pa iná lóru ọjọ́ náà, tí wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí wọ́n ta aláwọ̀ ewé àti funfun sókè. Láti Èkó (6°27′ àríwá, 3°24′ ìlà-oòrùn) dé Abuja, 4°05′ ni sí ìlà-oòrùn. Ẹ fi ìṣẹ́jú 4 sọ ọ́ di púpọ̀: ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ọmọ tí wọ́n bí l’Ékòó, wọ́n ní kó lọ fi ìṣẹ́jú 16 dàgbà kó tó sunkún.

Mo kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn níwà, ó kí mi kúnlẹ̀, ó gba nọ́ńbà ìsanwó mi. Ó wá kọ ọ́ pé: “Mà, Abuja ni olú-ìlú Nàìjíríà. Ẹ̀rọ wa kì í ṣì olú-ìlú mú.” Mo ní: “Àbúrò mi, olú-ìlú ọdún wo?” Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 11, mo kà á. Lẹ́yìn náà ló kọ: “Ẹ jẹ́ n béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mà.” Àṣírí ibẹ̀ nìyẹn: ẹ̀rọ wọn máa ń mú olú-ìlú òde òní fúnra rẹ̀, kò sì sí àpótí tí oníbàárà lè fi tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ya Tanzania tàbí Brazil àtijọ́, kó yáa múra.

PDF kejì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èkó ti wà níbẹ̀. Ascendant wá di 29°55′ Gemini. Òṣùpá, tó wà ní 16° lánàá, ti padà sí 2°. Mo rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi. Ohun tó ṣe kò le láti mọ̀: àwa a máa ń sọ pé òru Jimọ́ mọ́jú Sátidé ni Nàìjíríà gbòmìnira, òun náà sì gbọ́ “òru Jimọ́”, ó tẹ 30 oṣù Kẹsàn-án, ó wá fi 12:00 AM sí i. Nínú kọ̀ǹpútà, 12:00 AM ọjọ́ 30 ni ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe òpin rẹ̀. Odindi wákàtí 24 ló já bọ́ sílẹ̀. Ẹ máa kọ 00:00, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1960, kí ẹ sì jìnnà sí AM òun PM pátápátá. Bí ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀ rèé: tí wọ́n bá ṣì ọjọ́, Ascendant kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò, kò pé díìgírì kan, ṣùgbọ́n Òṣùpá á fò ní bíi 13 tàbí 14. Tí wọ́n bá ṣì ìlú, òdìkejì ni.

Ẹ má sì fojú di díìgírì tí kò pé kan yẹn. Ẹnu ààlà Gemini òun Cancer ni Nàìjíríà wà. Ká ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú ààjìn ni, Gemini là bá máa pè é. Ìdí nìyí tí a kì í fi wo ìgbà tí wọ́n fa okùn àsíá. Òfin ni à ń wò. Òfin òmìnira tí ilé ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ ní 00:00. Àwọn kan fẹ́ràn àárọ̀, nígbà tí Princess Alexandra, aṣojú Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, fi ìwé àṣẹ lé Balewa lọ́wọ́. Èmi kò sí lára wọn. Ní Burma, àwọn awòràwọ̀ ló yan agogo 4:20 ìdájí ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 1948 fún wọn, kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn níbẹ̀. Babaláwo tó ń ṣe àkọsẹ̀jayé kò ní bi yín ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bímọ. Iṣẹ́ tiwa yìí, láìsí ìṣẹ́jú, òfo ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àlàyé inú rẹ̀ díẹ̀. Ojú-ewé 11 ní kí Nàìjíríà fara balẹ̀ kó tó fẹ́ ọkọ tàbí aya. Ojú-ewé 14 ní ó máa jogún lọ́dọ̀ ìbátan àgbà. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni wọ́n dà lé orílẹ̀-èdè lórí láìyí ọ̀kan padà. Ilé keje orílẹ̀-èdè ni àdéhùn, àjọṣe pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè àti ọ̀tá gbangba. Ilé kẹjọ ni gbèsè, ibẹ̀ sì ni Òṣùpá tó dúró fún ará ìlú wà nínú àwòrán yìí, òun kan náà ló tún ń ṣàkóso Cancer. Odindi ìwàásù nìyẹn fún ẹni tó mọ iṣẹ́; wọ́n fi ogún bàbá àgbà dípò rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń kọ lẹ́tà ìbínú kẹta ni fóònù dún. Obìnrin kan ni, òun ló ń bójú tó ìṣirò níbẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ó ní: “Ẹ kú ìnáwó mà. Mo ti rí i. 23:00 ọjọ́ 30 ní àkókò Greenwich, 3°24′, àbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí agogo wa fi wákàtí kan ṣíwájú Greenwich. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. “Cancer 0°49′. Midheaven, Pisces 27°55′.” Ara mi balẹ̀ lójijì. Ó ní Placidus, ọ̀kan nínú ọ̀nà ìpín ilé, ni ẹ̀rọ àwọn fi ń pín ilé láìbéèrè, pé l’Ékòó tó sún mọ́ agbedeméjì ayé kò ní wàhálà, àmọ́ tí mo bá fẹ́ kí àmì kan jẹ́ ilé kan, kí n mọ̀ pé Midheaven á bọ́ sí ilé kẹsàn-án. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ó wá bi mí bóyá mo fẹ́ 1914 náà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ gbogbo wọn ti ń yọ̀, mo sì dákẹ́ kí n gbọ́ iye tó máa fi sí i. “Ìdajì wákàtí,” ló wí, kò tiẹ̀ ronú. Ẹ wò ó: ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1914 tí Lugard so Gúúsù mọ́ Àríwá, ọjọ́ yẹn gan-an ni agogo Èkó kúrò ní ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ṣíwájú Greenwich, tó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wákàtí kan tí à ń lò lónìí, ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1919 ló tó bẹ̀rẹ̀. Ètò tó bá fi wákàtí kan sí 1914 á gbé Ascendant Èkó lóru ọjọ́ náà sí 28°05′ Virgo. Pẹ̀lú ìdajì wákàtí, 5°54′ Libra ni. Àmì ọ̀tọ̀, alákòóso ọ̀tọ̀. Obìnrin yìí ya á fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó kọ “+0:30” gàdàgbà sí igun òkè, ó tún fi 1 oṣù Kẹwàá 1963 tí a di olómìnira aláààrẹ kún un. Kò bu kọ́bọ̀ padà fún mi nínú owó mi, mi ò sì béèrè.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ kọ ìlú, díìgírì rẹ̀, ọjọ́, 00:00 àti ìyàtọ̀ sí Greenwich ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń bójú tó ìṣirò fọwọ́ sí i. Ẹ fo àlàyé láti ojú-ewé 9 dé òpin.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Èyí tí mo yọ, ti ọkọ tàbí aya Nàìjíríà ni.