Bàbá tó ń bá èèyàn ka ìwé ìwakùsà n'Íjẹ̀bú-Òde: owó mi ò ṣòfò

Wúrà ni mo ń tà ní Òkè-Ajé, ó ti lé ní 20 ọdún. Nígbà tí ẹnì kan gbé ìwé wá pé kí n ra ṣíà nínú iṣẹ́ ìwakùsà pílátínọ̀mù (irin olówó iyebíye bíi wúrà) kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ọkàn mi fà sí i, torí ó jọ ọjà mi. Ìwé ọ̀hún ò ṣeé kà ṣá. Àbúrò mi ló júwe bàbá kan tó jẹ́ onímọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. ₦15,000 ni wọ́n ń gbà.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìwọ̀n ná. Wọ́n ní, "Ìyá Oníwúrà, ẹ gbé ìwọ̀n yín sórí tábìlì, ẹ wọn gíráàmù 4 fún mi." Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ló gbé e. Wọ́n ní odidi tọ́ọ̀nù òkúta kan ni wọ́n máa fọ́ kí wọ́n tó rí ìyẹn. Kì í tún ṣe pílátínọ̀mù nìkan: 4E tó wà nínú ìwé, pílátínọ̀mù, palladium, rhodium (irin olówó iyebíye ni àwọn náà) àti wúrà ni wọ́n rò pọ̀. Mo tẹjú mọ́ òrùka yẹn títí. Bàbá ní kí n má tìtorí ẹ̀ sá, pé irú iye bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wà jẹun ní Bushveld, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa pílátínọ̀mù ní Gúúsù Áfíríkà. Ìpele òkúta Merensky tó wà níbẹ̀, tí wọ́n rí lọ́dún 1924, ọ̀pọ̀ ibi ni kò ti nípọn tó mítà kan, síbẹ̀ ó lọ jìnnà lábẹ́ ilẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà ni ihò tí wọ́n ń gbẹ́ láti fi yẹ òkúta abẹ́ ilẹ̀ wò. 6 péré ni wọ́n tíì gbẹ́. Bàbá fi bírò yí ọ̀kọ̀ọ̀kan po nínú máàpù, wọ́n gbé rúlà lé e: ihò kan sí èkejì ju kìlómítà kan lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọrọ̀ tí ìwé náà ń kà fi wà lábẹ́ "Inferred", èyí tí wọ́n ṣì ń fojú bù. Ìlànà SAMREC, èyí tí wọ́n fi ń kọ irú ìwé ìwakùsà báyìí lọ́hùn-ún, ò sì gbà kí wọ́n ti ibẹ̀ sọ ọ́ di ohun tó ti dájú pé ó ṣeé wà lérè. Ẹni tó gbé ìwé wá ò fẹnu kan èyí rí.

Mo bi wọ́n bóyá kí n rà á. Wọn ò dáhùn. Wọ́n ní iṣẹ́ tí mo sanwó fún kọ́ nìyẹn. Ó dùn mí nígbà yẹn. Ìgbà tí mo délé ni mo rò ó pé ẹni tó ń sọ pé "ẹ rà á" ní ohun tó máa rí jẹ níbẹ̀, bàbá ò ní.

Wọ́n pẹ́ o. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tá a fi sí di Ọjọ́ Ẹtì. Èdè òyìnbó ni wọ́n sì fi kọ àbọ̀ ìwé náà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ máa fi Yorùbá kọ ọ́, torí àwọn ìyá tó ń kó owó àjọ lé irú nǹkan báyìí pọ̀ lọ́jà wa.

Mi ò tíì ra ṣíà kankan. Mo ní kí ẹni náà padà wá tí ihò wọn bá pọ̀ sí i. Tó bá gbé ìwé tuntun dé, ọ̀dọ̀ bàbá náà ni màá tún gbé e lọ.