EV3 àbí Robot Inventor: èwo lẹ fẹ́ rà ní tòkunbọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí pé èwo nínú Mindstorms méjèèjì, rọ́bọ́ọ̀tì Lego táwọn ọmọ ń tò fúnra wọn, lẹ máa rà fọ́mọ, ẹ gbọ́ ná. Lego ti jáwọ́ nínú Mindstorms láti ìparí 2022, torí náà tòkunbọ̀ lèyí tẹ́ ẹ máa rí jù, ì báà jẹ́ EV3 tó jáde ní 2013 tàbí Robot Inventor tó dé ní 2020. Iye bíríkì tó wà nínú ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára páálí, mi ò ní fìyẹn dá yín dúró. EV3 ló wà nílé mi, Robot Inventor wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ èmi náà ni wọ́n ń pè tó bá ti kọṣẹ́.

Wáyà tó so motor àti sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọpọlọ rọ́bọ́ọ̀tì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun ló gbowó lọ́wọ́ mi. Wáyà EV3 dá dúró láyè ara ẹ̀, orí méjèèjì ló ń yọ, gígùn mẹ́ta ló wà nínú páálí, 25, 35 àti 50 sẹ̀ǹtímítà, tó bá já ẹ sọ ọ́ nù kẹ́ ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́, kódà wáyà NXT, ìyẹn Mindstorms tó ṣáájú ẹ̀, bá a mu. (Orí ẹ̀ jọ ti tẹlifóònù ilé ayé NITEL, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan nibi tó ti ń há wà, ẹ má wulẹ̀ dán an wò, kò ní wọlé.) Ti Robot Inventor ńkọ́? Inú motor gan-an ni wáyà ti jáde wá, orí kan ṣoṣo ló ń yọ. Tó bá já nídìí, motor yẹn lọ nìyẹn, àfi tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ń tún rédíò ṣe tọ́wọ́ ẹ̀ balẹ̀ dáadáa.

Robot Inventor tá a rà, fọ́tò ẹ̀ ń dán gbinrin, ẹni tó tà á ní gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ó délé tán, motor kan ò yí àfi tá a bá tẹ wáyà ẹ̀ sọ́tùn-ún, tá a bá ti fọwọ́ kúrò ó kú. Mo pè é, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ó ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi o, bóyá àwọn ọmọ ló fà á," lẹ́yìn ìyẹn kò gbé fóònù mọ́. Motor tá a padà rà, owó tí wọ́n fi gbé e wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀. Torí náà ẹ ní kí wọ́n ya motor mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún yín níbi tó ti ń yí, kí wọ́n máa ká wáyà ẹ̀ síwá sẹ́yìn nítòsí ìdí. Fídíò o, kì í ṣe fọ́tò.

Bátìrì: EV3 ń jẹ AA mẹ́fà, ó sì ń jẹun gan-an, ẹ ra èyí tó ṣeé ṣáájì, kẹ́ ẹ sì ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ wò bóyá omi bátìrì ti jò síbẹ̀. Robot Inventor ní bátìrì tiẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi USB ṣáájì, ìyẹn dáa, tí NEPA bá gbà. Gyro, sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ tí rọ́bọ́ọ̀tì bá yí tàbí tó bá fì, wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú, ti EV3 tí wọ́n ṣe fún ilé, ẹ máa rà á lọ́tọ̀ ni. Ihò tí wáyà ń wọ̀ lára Robot Inventor jẹ́ mẹ́fà, ti EV3 mẹ́jọ.

Ní ti kóòdù, áàpù Robot Inventor fúnra ẹ̀ ti kógbá sílé, àmọ́ áàpù SPIKE, tí Lego ṣe fún rọ́bọ́ọ̀tì ilé ìwé, gbà á, Pybricks tẹ́ ẹ lè fi kọ kóòdù Python náà gbà á lórí Chrome. EV3 ní tiẹ̀, ẹ fi ev3dev sórí microSD tí ò ju 32GB lọ, Linux gidi nìyẹn, ẹ kọ Python yín, tẹ́ ẹ bá yọ káàdì ó padà sí bó ṣe wà. Kó tó tàn ẹ lè ro ẹ̀bà tán o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n EV3 ní ojú (screen) tẹ́ ẹ ti lè ka nǹkan tí sẹ́ńsọ̀ ń rí, iná wínníwínní márùn-ún lọ́nà márùn-ún ni tèkejì ní.

Mi ò gbè sẹ́yìn ìkankan. Ọmọ tó fẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì tó ń dúró lórí táyà méjì láì ṣubú, Robot Inventor dáa fún un, ẹ ṣáà fi owó motor kan pa mọ́. Tẹ́ ẹ bá sì rí EV3 tí wọ́n ti sọ gbogbo wáyà ẹ̀ nù, ẹ ná an wálẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì tètè gbé e kí n tó débẹ̀.