Hilux àti Ranger: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tó Fẹ́ Ra Pick-up Onílẹ̀kùn Mẹ́rin?

Toyota Hilux àti Ford Ranger ni ọ̀pọ̀ olùrà máa ń fi wé ara wọn. Ìran kẹjọ Hilux, tó jáde ní ọdún 2015 tí wọ́n sì tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe ní 2020, ni mò ń sọ níhìn-ín, pẹ̀lú Ranger tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní ìparí ọdún 2021. Kí ẹ tó yẹ àwọ̀ tàbí rédíò wò, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ọkọ̀ náà yóò máa gbé àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe.

Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì lítà 2.8 ti Hilux ní agbára 150 kW àti agbára ìyípo (tó ń fa ẹrù) 500 Nm bí gíà rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń yí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n 420 Nm ni ẹni tó bá yan gíà ọlọ́wọ́ yóò rí. Ranger onílítà 2.0, tó ní tọ́bò méjì (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì), ń mú 154 kW àti 500 Nm wá. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ́ńjìnì kékeré bẹ́ẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tó tó báyìí, àmọ́ ẹni tó bá rà á kò gbọdọ̀ fi pípààrọ̀ ọ́ìlì falẹ̀ rárá. Ẹ́ńjìnì V6 (onísílíńdà mẹ́fà) onílítà 3.0 ni Ranger fi lé Hilux sẹ́yìn pátápátá: 184 kW àti 600 Nm, pẹ̀lú gíà mẹ́wàá, nígbà tí ti Hilux jẹ́ mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ fífa ọkọ̀ àfàkún (èyí tí a so mọ́ ẹ̀yìn pick-up) ni ó máa ń ṣi olùrà lọ́nà jù. Àwọn méjèèjì lè fa 3,500 kg, àwọn tó ń tà wọ́n sì máa ń fi nọ́ńbà yìí pariwo. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ohun tí ẹ ń fà ni yóò tẹ ẹ̀yìn pick-up yín mọ́lẹ̀, ìyẹn 350 kg, a ó sì kà á mọ́ ẹrù tí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbé. Bí 950 kg bá jẹ́ gbogbo ohun tí òfin gbà pé kí ó gbé, ẹ yọ 350 kúrò, kí ẹ tún yọ èèyàn márùn-ún tó wúwo tó 80 kg lọ́kọ̀ọ̀kan. 200 kg péré ló kù fún ẹrù, bọ́ńpà irin àti ìbòrí ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn Ranger fi 185 mm jìnnà síra ju ti Hilux lọ, nítorí náà ohun tó ń fà kì í tètè mì ín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ ẹ̀yìn méjèèjì kí ẹ jókòó, kí ẹ sì tún wọn páàkì. Ìdarí (stíárìn) Ranger tó ń lo iná mànàmáná máa ń rọrùn lọ́wọ́. Ti Hilux ń lo ọ́ìlì, ó sì máa ń wúwo níbi tó bá há. Sípírìngì pẹlẹbẹ ló wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, Hilux sì máa ń fò sókè-sódò bí kò bá sí ẹrù lẹ́yìn rẹ̀. Nínú omi, Ranger lè rìn dé 800 mm, Hilux dé 700 mm.

Ti àtúnṣe ni Hilux ti borí. Ó rọrùn láti tú, a sì lè rí i pẹ̀lú ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù lítà 2.7 tí kò ní tọ́bò. Ranger kún fún ẹ̀rọ tó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò. Nítorí náà, bí ibùdó àtúnṣe bá jìnnà sí yín, Hilux ni mo máa mú. Bó bá jẹ́ ìdílé ni ẹ fẹ́ máa fi rìnrìn àjò pẹ̀lú ọkọ̀ àfàkún, Ranger V6 ni.

Ẹni tó bá ń ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò, kí ó wọ abẹ́ rẹ̀. Kí ó tọ irin férémù láti ẹ̀yìn ibi tí èèyàn ń jókòó sí dé ibi tí wọ́n gbé sípírìngì kọ́, kí ó wò ó bóyá ó tẹ̀ tàbí ó ní àpá ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù àpọ̀jù ti máa ń kọ́kọ́ sọ ara rẹ̀.