Férémù Sáàmù 91 tí mo rà l'Òkè-Fìà
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá férémù Sáàmù 91 l'Òṣogbo, ṣọ́ọ̀bù kan wà l'Òkè-Fìà tó ń ṣe é dáadáa. Gbogbo ẹsẹ 16 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ lédè Yorùbá, lẹ́tà ńlá tí màmá mi ń kà láìlo gíláàsì, ó wù mí gan torí ẹsẹ 11 àti 12, tó ní àwọn áńgẹ́lì á máa dáàbò boni, nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé kiri, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lèṣù kà fún Jésù nínú Mátíù 4 o! Ẹsẹ 14 ló sọ ìdí ààbò yẹn, torí pé ẹni náà fẹ́ràn Ọlọ́run. Ìyá tó ń tà á ò sì pè é lóògùn, Éfésù 6 ló ní ká lọ kà sí i, asà ìgbàgbọ́ ló ń paná ọfà ẹni ibi. Ìkọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni ò lágbára tó, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.