Bàbá tó bi ẹ́ńjìnnì mi léèrè orúkọ rẹ̀

Camry 1999 ni mo ń wà. Èmi àti ẹrù aṣọ la jọ ń tinú rẹ̀ lọ sí ọjà Àtàkúnmọ́sà, láti Ifẹ̀ dé Iléṣà. Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, èéfín búlúù sì ń rú nídìí rẹ̀. Mẹkáníìkì tí mo ń lò nígbà náà ní ríìnì, irin róbótó tó yí písítìnì ká, ló ti jẹ. Ó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó ra ríìnì tuntun, ó gbowó gidi lọ́wọ́ mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí èéfín tún dé.

Àbúrò mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Òndó, nílé Ifẹ̀ níbí. Bàbá ní, "Ìyá aláṣọ, ẹ́ńjìnnì wo ló wà nínú rẹ̀?" Mo ní ti Camry ni. Ó ní, "Èwo nínú wọn? Ẹ jẹ́ ká bi í léèrè."

Ó ka nọ́ńbà ṣásì tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 17. Ó fìka kan ìkarùn-ún: G. Ó ní lára Camry Amẹ́ríkà ìgbà náà, G ni ẹ́ńjìnnì 5S, lítà 2.2, ká ní F ni, V6 lítà 3.0 ni ì bá jẹ́. X tó ṣìkẹwàá ló sọ pé 1999 ni. Mo rò pé ó parí. Bàbá mirí. "Èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn nìyẹn. Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí ńkọ́?"

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan fi bírọ́ọ̀ṣì wáyà àti pẹtiróòlù fọ ara búlọ́ọ̀kù. Ìdọ̀tí tó ki bí ọṣẹ dúdú ń ṣí kúrò. Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní kí n fojú ara mi kà á. 3S ni!

Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún mi ti gbé ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 sí i, irú ti Carina E, kò sì sọ ọ́ fún mi. Béèyàn bá kàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ìbejì ni àwọn méjèèjì rí. Ṣùgbọ́n ihò písítìnì 5S fẹ̀ tó mìlímítà 87.1, ti 3S jẹ́ 86. Nígbà tí Bàbá tú u, ó kó ríìnì yẹn lé mi lọ́wọ́: ti 5S ni, wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ ẹnu rẹ̀ kó lè wọlé. Ojú fáìlì ṣì ń dán. Ó dùn mí wọra.

₦5,000 ni Bàbá gbà fún yíyẹ̀ ẹ́ wò, ó sì yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́. Ó kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sórí bébà fún mi kí n mú un lọ bá àwọn tó ń ta páàtì. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí, n kò bu ọ́ìlì kún un. Iṣẹ́ wọn máa ń pẹ́ o: ọjọ́ mẹ́ta tó dá fún mi di mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjókòó àyàfi táyà. Ẹ béèrè rìsíìtì kẹ́ ẹ tó kúrò, torí wọn kì í dédé kọ ọ́. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa padà sí.

Ó tún rán mi pé kí n lọ tún nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì inú ìwé ọkọ̀ ṣe, torí kò bá ti ara búlọ́ọ̀kù mu. Mo ti ṣe é. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ó fi ọ̀dà funfun kọ 3S gàdàgbà sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì mi.