Mesalazine fún egbò ìfun ńlá: èyí tí a ń gbé mì àti èyí tí a ń tì bọ ìdí

Láti ìgbà tí dókítà ti sọ fún wa pé egbò ló wà nínú ìfun ńlá àbúrò mi, oríṣiríṣi oògùn àìsàn náà ni a ti rà ní Ìlọrin, mo sì fẹ́ sọ èyí tó tó owó rẹ̀.

Sulfasalazine ni a fi bẹ̀rẹ̀, oògùn àtijọ́ tí Nanna Svartz, dókítà obìnrin ará Sweden, gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 1940. Oògùn méjì ni wọ́n so pọ̀ nínú rẹ̀. Bakitéríà inú ìfun ńlá ló ń já ìdè náà, kí mesalazine, èyí tó ń tọ́jú egbò nínú méjèèjì, tó bọ́ sójú egbò. Ọgbọ́n náà wù mí, àmọ́ èkejì rẹ̀, sulfapyridine, a máa fa orí fífọ́ àti èébì. Ìtọ̀ àbúrò mi pọ́n débi pé ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀jẹ̀ ni.

Hóró mesalazine kò ní wàhálà yẹn. Èèpo rẹ̀ kì í yọ́ nínú ásíìdì àpòlúkù, ó di ìparí ìfun kékeré, níbi tí pH (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó) ti tó 7, tí kò kan mọ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rún un lẹ́nu tàbí lọ̀ ọ́. Ó wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìgbà kan tí inú ń ṣí àbúrò mi gidi, odidi hóró ló bá ìgbẹ́ jáde.

Èyí tí a ń tì bọ ìdí ni mo fún ní ipò kìíní, nítorí pé nítòsí ihò ìdí gan-an ni egbò tiwa wà, ibẹ̀ náà sì ni oògùn ọ̀hún ń yọ́ sí. Bí egbò bá gòkè díẹ̀ ní apá òsì, olómi tí a ń fà sí ìdí lálẹ́, tí a sì ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn lé, ló lè dé ibẹ̀.

Ooru Ìlọrin ni ọ̀tá èyí tí a ń tì bọ ìdí. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Taiwo Ìsàlẹ̀, orí pẹpẹ tí oòrùn ń pa ni wọ́n ti mú un fún wa, nígbà tí a sì tú u, ó ti wọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí a ń lò báyìí ní Tanke ń tan ẹ̀rọ amúlétutù, Àlàájà apoògùn tó wà níbẹ̀ sì kìlọ̀ pé, “Ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò o.” Ohun tó kù sí wọn lọ́wọ́ ni kọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè wọ̀ béèrè bí wọ́n ṣe ń tì í bọ̀ ọ́, kí gbogbo oníbàárà má baà gbọ́.